Làálì Ọwọ́ Màríámù

Kò sí ẹni tí Àmínátù lè dá lẹ́bi àfi ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lé làálì náà. Ó wá dúró lẹ́yìn géètì onírin ní ìlú Oǹdó, ó ń wo Màríámù ọmọ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan iná pupa.

Ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ni ọmọ náà wá ṣe. Láyé ìjọ́sí, bírò àti pẹ́ńsù làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mú lọ síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ò wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fìdí kalẹ̀ lójú kan. Wọ́n sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọdọ̀ ṣe é, Màríámù tó ti kàwé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n sì jókòó sílé, ó ń sunkún nítorí oṣù díẹ̀ péré. Lọ́dún yìí, wọ́n tún gbé tuntun dé: orúkọ kò tó mọ́, fọ́tò kò tó mọ́, àfi kí ẹ̀rọ mọ ìka ẹni, ìyẹn èyí tí wọ́n ti gba àmì gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ẹ gbà mí o! Ṣé àwọn tó ń ṣòfin wọ̀nyí kì í bímọ ni?

Jímọ̀, ọkọ Àmínátù, tó ń ta aṣọ lọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́, ti sọ tirẹ̀. "Bí tọdún yìí ò bá tún bọ́ sí i, Màríámù á lọ bá àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, á lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Mi ò lè máa wo ọmọ tó jókòó sílé lọ́dọọdún." Jímọ̀ kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ni ọkàn ọmọ náà wà látìgbà tó ti wà ní kékeré.

Ìgbéyàwó Ìbídùnní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n so yìgì, ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Nílé tiwọn, àbúrò ìyàwó kì í jáde láìlé làálì. Àmínátù po làálì tó ki dáadáa, ó lé e fún Màríámù láti àtẹ́lẹwọ́ dé orí ìka, ó ń fi ọ̀rá wé e bó ṣe ń lé e lọ. Ìgbà tó kan àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ni ọmọ fa ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Màámi, ẹ bá mi fi èyí sílẹ̀. Òun ni mo fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò lórí fóònù."

"Kí ìka kan máa dá funfun láàárín àwọn yòókù? Gbé e wá!"

Màríámù kọ̀ jálẹ̀. Àmínátù gbá a lọ́wọ́, ọmọ ò gbọ́. Àlejò ń pè é níta, ó bá pòṣé. "Olórí kunkun! Jókòó tì í." Bí ìka yẹn ṣe bọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tún rántí rẹ̀.

Oǹdó ni wọ́n pín Màríámù sí. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ìyá àtọmọ wọkọ̀ ní Àkúrẹ́, ọmọ sì ń kàwé títí wọ́n fi kọjá Òwènà. Ayọ̀ ni wọ́n bá dé. Ayọ̀ ọ̀hún ò kọjá ìdí ẹ̀rọ.

Àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Rufus ló wà nídìí ẹ̀rọ náà. Ó ní kí Màríámù fi àtàǹpàkò ọ̀tún lé e. Iná pupa. Ó fi ìfábẹ̀lá lé e. Pupa. Wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n dán gbogbo ìka ọwọ́ náà wò, pupa ni. Bàbá gbé ọwọ́ náà sókè.

"Kí lo fi kun ọwọ́?"

"Làálì ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣègbéyàwó."

"Ó ti bo ojú ìka ẹ. Mo sì ti rí i nígbà tó ò ń bọ̀ pé méjèèjì ló dúdú. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá ti ilẹ̀kùn báyìí, ó parí."

Àmínátù di irin géètì mú. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, èmi ni mo lé e fún un! Èmi ni kí ẹ bá wí!"

"Màmá, ẹ̀rọ lọ̀gá mi, kì í gbẹ̀bẹ̀."

Bá a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì. Ojú ti Àmínátù, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn ti ń wọlé tán. Màríámù kò tiẹ̀ sunkún. Ó kọ̀yìn sí ìyá rẹ̀, ó dúró ṣánṣán níwájú àgbà, ó ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan tó fi òsì gbé omi fún bàbá àgbà, Àmínátù nà án, ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Láti ọjọ́ náà, bí Màríámù bá ti dúró níwájú àgbà, ẹ̀yìn lọwọ́ òsì ń lọ. Ẹ̀rù ti bà á débi pé kò rántí ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Àmínátù tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Láàárín àwọn ìka dúdú, ọ̀kan funfun.

"Màríámù! Ọwọ́ òsì! Fún bàbá lọ́wọ́ òsì!"

Gbogbo èèyàn yíjú. "Irú ìyá wo lèyí?" obìnrin kan wí.

Màríámù bojú wẹ̀yìn. "Màámi, òsì kẹ̀?"

"Àtàǹpàkò tó o fi ń tẹ fóònù! Fún un, mo ní!"

Ọmọ náà kọ́kọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Òsì ni." Ó na ọwọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Rufus wo ìka yẹn, ó fúnra rẹ̀ gbé e lé ẹ̀rọ. Iná kò tètè tàn. Nígbà tó máa tàn, àwọ̀ ewé ni.

"Sáré wọlé," bàbá ní. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn.

Àmínátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Jímọ̀ pè é lórí fóònù, ó bi í bóyá ọmọ ti wọlé. Ó ní ó ti wọlé.

"Kí ló wá ń ṣe ohùn ẹ?"

Àmínátù fi ìdí ìborùn nu ojú. "Jímọ̀, ọmọ tó kọ̀ sí mi lẹ́nu ló wọlé yẹn. Ká ní ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni, wọn ì bá ti lé e padà sílé."