Ìdá Méjì fún Ọkùnrin

Bíbélì ni Titus, akọ̀wé kóòtù, ti nà sí Olúgbémi. Ṣebí ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni àwọn méjèèjì wà ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì n'Íkirè. Ṣùgbọ́n Olúgbémi mi orí.

"Kùránì ni kí o fún mi."

Titus wò ó, ó wo fìlà tuntun tó dé, ó sì rọra gbé Bíbélì náà padà sílẹ̀.

Kóòtù ìbílẹ̀ Àpòmù ni wọ́n wà. Olúgbémi búra. Ó ní Mùkáílà ni bàbá òun sọ òun, Mùsùlùmí ni bàbá òun kú, Mùsùlùmí sì lòun náà. Nítorí náà, kí wọ́n pín oko kòkó tó wà lọ́nà Ìkòyí bí ẹ̀sìn ṣe wí: ìdá méjì fún ọkùnrin, ìdá kan fún obìnrin. Àwọn méjì péré ni bàbá bí. Obìnrin náà ni Soliat àbúrò rẹ̀, tó ń ta dòdò lẹ́bàá títí, tó sì tọ́jú bàbá wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nígbà tí àwọn ààfáà àdúgbò ní ọmọ tó ti di Kìrìsìtẹ́nì kò lè jogún Mùsùlùmí, Soliat yìí ló yarí. "Ọmọ bàbá mi ni. Ọgbọọgba la ó pín in." Olúgbémi ló ní ọgbọọgba kò tó òun.

Adájọ́, obìnrin àgbà kan, kọjú sí Soliat. "Kí lo rí sí i?"

Soliat dìde. Omi ti lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ fún wọn ní méjì, mà. Bàbá wa gbàdúrà títí pé kí wọ́n padà sẹ́sìn. Alihamudulilai, wọ́n ti padà. Kí ni mo tún fẹ́ fi oko ṣe?"

Ara Olúgbémi bù máṣọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì lọ jìnnà. Kò lè gbójú sókè síbi tí Titus wà.

"Inú rẹ dára," adájọ́ wí, "ṣùgbọ́n kóòtù yìí kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó pín ogún. Mùsùlùmí ń wá síbí, Kìrìsìtẹ́nì ń wá, oníṣẹ̀ṣe náà ń wá. Òfin kan ló de gbogbo wa. Ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Ọgbọọgba ni."

Níta, Olúgbémi ń retí èébú. Ọwọ́ ni Soliat fà á.

"Bùọ̀dá mi, wọ́n ti pèrun Àìlà. Ẹ jẹ́ ká lọ kírun."

Ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, Soliat gbé búùtà àlùwàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Olúgbémi bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀.

Omi náà dúró. Soliat wo ẹsẹ̀ ọ̀hún, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rín tó ti ń rín láti kóòtù kú díẹ̀díẹ̀.

"Ọwọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀," ó wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Olúgbémi na ọwọ́. Soliat ń da omi sí i, ó sì yíjú sí títí bí ẹni ń wo àwọn ọkọ̀ Ìbàdàn. Ọkọ̀ kankan kò kọjá. Olúgbémi mọ̀ nígbà náà pé ojú òun ni àbúrò òun kò fẹ́ wò, kí ojú má baà ti òun jù báyìí lọ.