Kọ̀mpútà Tó Ní Ká Ṣínu Láago Mẹ́sàn-án

Èmi Sùlè ni mo gbé kọ̀mpútà àkọ́kọ́ wọ Ajah, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó wúwo ju màlúù méjì lọ. Orí mi báyìí ni mo fi rù ú láti títì Ẹ̀pẹ́, mi ò sọ̀ títí mo fi dé ilé Àáfà Gbàdàmọ́sí.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Kàsímù, ló lọ yá a l'Ékòó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń fẹ́ Sìmbíátù, ọmọ Àáfà. Àáfà ní òun ò lè fọmọ fún ẹni tí òun ò mọ iṣẹ́ ẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí niṣẹ́ ẹ, àbí? Ààwẹ̀ la wà yìí. Kó sọ àsìkò tá a máa ṣínu lónìí. Tó bá sọ ọ́ re, o níyàwó. Tó bá ṣì í, máa wá ìyàwó lọ síbòmíì."

Mo fò dìde. "Bàbá, ìyẹn kéré! Oúnjẹ ò ní kan ẹnu èmi Sùlè lónìí, àfi tí kọ̀mpútà fúnra ẹ̀ bá ní kí n jẹun!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà ni mo lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo ní epo yẹn á gbé wa dé Iléyá.

Àmọ́ orí kọ̀mpútà Lọ́ńdọ̀nù ni Bùrọ̀dá ti kọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ máa fi ṣírò àsìkò yẹn, ilé iṣẹ́ mìíì ló sì ṣe èyí. Bó ṣe ki iṣẹ́ náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ló pọ̀ ọ́ jáde.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Èdè ẹ̀ yàtọ̀, Sùlè. Màá tún ohun tí mo kọ ṣe, òun náà á wá lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ẹ̀wà, kó tó lè lò ó."

Ó tún un ṣe títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Ẹ̀rọ gbà, ó lọ̀ ọ́, ó wá sọ̀rọ̀: aago mẹ́sàn-án alẹ́ ó lé!

Àáfà wo ojú ọ̀run. "Mẹ́sàn-án? Ṣé kí n febi pa ìjọ ni?"

"Bàbá," mo ní, "bóyá oòrùn fẹ́ pẹ́ lónìí ni."

Bùrọ̀dá gbá orí. "Yé! Oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì ń kà! Nírú àsìkò yìí, ilẹ̀ kì í tètè ṣú lọ́hùn-ún." Ó pa Lọ́ńdọ̀nù rẹ́, ó fi Ajah sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án. Ó tún un tẹ̀. Mẹ́sàn-án. Èmi náà gbá ẹ̀rọ létí. Mẹ́sàn-án! Òógùn bo Bùrọ̀dá. Sìmbíátù ò lè wo ojú ẹ̀ mọ́.

"Sùlè," Àáfà ní, "ṣé orí ò dùn ẹ́? Ẹrù ń padà lọ o."

Sìmbíátù ń dín àkàrà ìṣínu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Aláàwẹ̀ ò kúkú lè tọ́ ọ wò, Ìyá àgbà tí ara ẹ̀ ò gbé ààwẹ̀ mọ́ ló ń bá a tọ́ ọ.

"Kò níyọ̀," Ìyá wí.

Sìmbíátù bu iyọ̀ sí ẹ̀wà lílọ̀. Ìyá tún nawọ́ sínú àwo.

"Kò níyọ̀ síbẹ̀!"

"Ìyá, èyí tí mo ti dín tẹ́lẹ̀ lẹ tún mú! Ṣé iyọ̀ á fò látinú abọ́ wọnú àkàrà tó ti jinná ni?"

Bùrọ̀dá kígbe bí ẹni tí àkekèé ta. "Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn! Mo fi Ajah sí èyí tí mo kọ, mi ò ní kó tún un lọ̀. Àkàrà àtijọ́ ló ń gbé fún wa!"

Ó ní kí ẹ̀rọ tún gbogbo ẹ̀ lọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ń kùn, oòrùn ń wọ̀. Ó yọ: aago méje ku díẹ̀. Àáfà wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Sìmbíátù, wá kí ọkọ ẹ."

Ó wá ku kí àsìkò tó, kí ẹ̀rọ ní ká jẹun. Ni jẹnẹrétọ̀ bá húkọ́, ó húkọ́, ó dákẹ́. Ládàánì sì pèrun.

Gbogbo wọn ju àkàrà sẹ́nu. Mo nawọ́. Sìmbíátù gbá a.

"Ṣé kọ̀mpútà ti ní kó o jẹun?"

"Ládàánì ti pè!"

"Ládàánì kọ́ lo fi búra. Ọkùnrin kì í yẹhùn, àbí, Bàbá?"

Ẹnu Àáfà kún, orí ló fi dáhùn.

Ẹni tó ta epo yẹn ló bomi là á, ẹ ò gbọ́? Mo sáré dé Lángbàsà, ẹṣin ò lè bá mi. Nígbà tí mo fi gbé epo dé, tí ẹ̀rọ tàn, tó ní kí n jẹun, àkàrà kan ṣoṣo ló kù, kò sì níyọ̀. Mo wo aago ọwọ́ Àáfà: mẹ́sàn-án ti lé.

Sìmbíátù ní, "Sùlè, ìwọ ni kọ̀mpútà ń bá wí láti ọ̀sán."

Ebi ò kúkú pa mí.