Ọjọ́ Tí Tíréè Ìyá Oníbàtà Kọ̀ Tí Kò Yí Mọ́

Ọmọ méjì ni Ìyá Oníbàtà bí, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ? Ẹni tó bá bí méjìlá, tí méjì bá ń bínú síra wọn, á gbájú mọ́ mẹ́wàá tó kù. Ta ló wá kù fún Ìyá Oníbàtà? Bàtà àwọn oníbàárà tó ń tún ṣe, tó tò sí pálọ̀, nìkan ni, bàtà ò sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Àkọ́bí rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ iná, Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọn kì í sì í pè é lóhun mìíràn ju Nọ́ọ̀sì náà lọ. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn, orí tábìlì kan ni wọ́n sì ti ń jẹun lálaalẹ́, nítorí ìyá wọn ti sọ ọ́ láti kékeré pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ wọ yàrá, kó yáa gbé ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nọ́ọ̀sì mú ọkùnrin kan wálé wá kí ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹwà, ó gbọ́n lẹ́nu, ó sì ń yin oúnjẹ kó tiẹ̀ tó tọ́ ọ wò. Wáyà wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, ilé mélòó lẹ ti jẹun lónìí kẹ́ ẹ tó dé tiwa?" Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rọra fi ṣíbí sílẹ̀, ó dìde, ó lọ, kò sì padà wá mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láti ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì ti pa ẹnu dé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àfi bó bá fẹ́ tọrọ oúnjẹ lórí tábìlì. Wáyà ní tiẹ̀ ní òun ò lè bẹ ẹnikẹ́ni. "Àgbà ń bẹ àbúrò kẹ̀? Níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí, Mọ́mì?"

Ìyá Oníbàtà fi í ṣe ohun tí yóò tán fúnra rẹ̀. Bá a ti ń jà, bí i ká kú kọ́, ó ṣáà máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì rí iṣẹ́ sí ọsibítù kan ní ìlú tó jìnnà, ó sì ti ń di ẹrù. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá ba ìyá yìí gan-an. Bí wọ́n bá fi báyìí ya ara wọn, tí òun náà bá wá lọ bá àwọn baba òun lọ́jọ́ kan, ta ni yóò tún pè wọ́n wá jókòó sójú kan? Bó bá ti rántí rẹ̀, òòlù á dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn tó gbé bàtà lọ fún tíṣà kan nílé, tó bá tíṣà àti àwọn ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Tíréè kan wà láàárín wọn, róbótó, ọparun ni wọ́n fi ṣe é. Gbogbo àwo ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ tì í, á yí lọ bá ẹni tó kàn. Àwọn ọmọ ń tì í, wọ́n ń já a gbà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ọkàn Ìyá Oníbàtà fà sí i bí ọkàn ọmọdé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun náà ti ra ọ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó to ìrẹsì, ẹja, ẹ̀wà àti ata sórí rẹ̀. "Ẹ kàn fọwọ́ tì í. Jẹ́jẹ́ o!"

Ta ni wọ́n ń sọ jẹ́jẹ́ fún? Wáyà fi ìka kan ta á, àwo ata sáré, díẹ̀ ló kù kó fò mọ́ ògiri. Ìyá wọn kígbe, Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe rí i pé ẹ̀gbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín, ló bá gbé ẹ̀rín náà mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Ó dáa náà, ìyá wọn wí nínú ara rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kò bẹ̀rẹ̀ o. Ó tún wá burú sí i ni. Kí tíréè tó dé, ó kéré tán wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹ fún mi ní ẹja." "Gbà." "Omi ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ ẹja á kàn ti tíréè, ẹja á sì dé. Tíréè ti gba iṣẹ́ ẹnu wọn ṣe. Wọ́n á jẹun, wọ́n á yó, kálukú á dìde, a ò ní gbọ́ pín. Ìyá Oníbàtà káwọ́ lérí. Òun náà ló fowó ara rẹ̀ ra ìdákẹ́jẹ́ wọlé!

Ó gbé tíréè náà pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì wá a jáde. "Mọ́mì, ẹ má gbé e kúrò jọ̀ọ́. Òun nìkan ló ń jẹ́ kí n lè jẹun nínú ilé yìí." Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá rẹ̀ dénú egungun.

Ó dáa. Bá ò bá lè gbé e kúrò, a ò lè dá a dúró ni? Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn méjèèjì wà níbi iṣẹ́, ó gbé góòmù bàtà wá sídìí tábìlì. Ohun tó ní lọ́kàn ò ju kó kán díẹ̀ sáàárín tíréè àti ìdí tó ń yí lé lórí, kó má lè yí, kí wọ́n lè máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Díẹ̀ péré o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń lẹ ìdí bàtà àwọn bíríkìlà láti ìgbà èwe, ṣé ó mọ díẹ̀ ni? Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun òkè, ó kun ìsàlẹ̀, ó jókòó dè é kó gbẹ díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe wí, ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ó tún wò ó pé ìdí rẹ̀ lè máa yọ̀, ló bá lẹ ìyẹn náà mọ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù, ó gbá a yíká, gbà, gbà, gbà. Ìgbà tó gbé òòlù kalẹ̀ ló tó rántí pé kì í ṣe bàtà.

Alẹ́ lẹ́. Ẹja wà níwájú Wáyà, ìrẹsì wà níwájú Nọ́ọ̀sì, ẹ̀wà wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. Nọ́ọ̀sì fẹ́ ẹja, ó ti tíréè. Kò mì. Wáyà fẹ́ ìrẹsì, òun náà tì í. Kò mì. Nọ́ọ̀sì rò pé ẹ̀gbọ́n òun ló dì í mú, Wáyà rò pé àbúrò òun ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá ń tì í, wọ́n ń fà á. Tábìlì fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Omi dà.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre!" Nọ́ọ̀sì pariwo.

"Èmi? Ìwọ lo dì í mú!"

"Ta ló dì í mú? Ẹ wo ọwọ́ mi!" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Wáyà náà gbé tirẹ̀ sókè. Wọ́n wo tíréè. Wáyà tẹ orí ba, ó fa imú. "Mọ́mì, òórùn góòmù ni mò ń gbọ́ yìí."

"Góòmù bí ti báwo?" Òrùlé ni Ìyá Oníbàtà ń wò.

"Góòmù bàtà, Mọ́mì!"

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Wáyà tẹ̀ lé e. Ìyá wọn náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Ẹ̀rù ló ń bà mí," ó wí. "Ẹ̀yin méjì péré ni mo bí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ya báyìí."

Wáyà mú ọ̀bẹ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ha góòmù. Nọ́ọ̀sì mú ọ̀bẹ tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí òdìkejì. Àwọn àwo oúnjẹ dí wọn lójú, wọn ò rí ara wọn.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn," Wáyà wí, "kò yẹ kí n sọ ọ́ lójú ọkùnrin yẹn."

"Òótọ́ lẹ sọ. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀rín tẹ́ ẹ rín ló dùn mí."

Ọ̀bẹ Wáyà dúró. "Má bínú," ó wí. "Jọ̀ọ́, má bínú."

Nọ́ọ̀sì fa imú. "Ẹ tì í sọ́dọ̀ mi díẹ̀."

"Kò mì. Ọjọ́ wo lò ń lọ gan-an?"

"Sátidé."

"Èmi ni mo máa gbé ẹrù ẹ dé ibẹ̀. Má sọ pé o ti rí ọkọ̀ o."

"Ẹrù mi pọ̀."

"Ṣé mo ní kò pọ̀ ni?"

Ìyá Oníbàtà mọ̀ pé góòmù yẹn ò ní ṣí láéláé, tábìlì ló máa kọ́kọ́ jẹrà. Ó yẹ kó sọ fún wọn. Ó gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè ohun kan, tí ìyẹn ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa ha á lọ," ó wí, "ó ti fẹ́ ṣí." Ó nu ojú rẹ̀, ó sì bu ẹ̀wà sínú àwo ara rẹ̀.