Àmùrè Ẹṣin Zachariah

Ní ọdún tí a gba òmìnira, ọkọ mi Zachariah pinnu pé òun máa di kánsẹ́lọ̀ Odigbo, àti pé ẹṣin ló máa gbé òun dé ibẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló kan ẹṣin. Fọlárìn tí wọ́n jọ ń du ipò náà ló ra kẹ̀kẹ́ tuntun, aago rẹ̀ kì í jẹ́ ká sinmi láti ọjà dé oko. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan nípa omi tí a fẹ́ mu tàbí nípa ọ̀nà Agbabu tó ti bàjẹ́. Ohun tó ń wá kò ju kí òun ga ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ òmìnira. Pápá ilé-ìwé wa ni wọ́n ti máa na ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá mú sókè. Ọkọ mi fẹ́ kí ọwọ́ tòun ni wọ́n nà, ó fẹ́ ẹ débi pé kò lè jẹun yó mọ́. Èmi náà fẹ́ kó rí i gbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọ̀dọ̀ Gàzálì tó ń ta ẹṣin ní Ore ni a ti rà á. Ó fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń di ẹṣin ní gàárì. Ẹ̀yìn èjìká ni gàárì ń jókòó sí, ọ̀já awọ tó dì í mú á gba abẹ́ àyà kọjá lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, á sì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí abíyá ẹṣin. Bó ṣe ń sọ ọ́, ọkọ mi ń wo òjìji ara rẹ̀ nínú omi tí ẹṣin ń mu. Límátù, ìyàwó Gàzálì, wá na ọ̀já sí èmi pé kí n dì í wò, mo sì dì í.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi di gàárì fúnra rẹ̀. Ó gùn ún, gàárì sì ń yọ́ lọ síwájú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé etí ẹṣin. Ó ti di ọ̀já náà mọ́ abíyá jù ni. Mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ wo ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ sómi.

Ìjọ Aládùúrà ni wá, kò sì sí ohun tí a kì í gbé lọ bá Wòlíì Barnabas, ìbáà ṣe àìsàn, ìbáà ṣe adìẹ tó sọnù. Wòlíì dé pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, àmùrè ní ìbàdí. Ó yí ẹṣin ká, ó káwọ́ sẹ́yìn.

“Ta ló di àmùrè ẹranko yìí sí àyà?”

“Bí Gàzálì ṣe ń dì í nìyẹn, Wòlíì,” ni ọkọ mi dáhùn.

“Ṣé Gàzálì ń wọ aṣọ funfun ni? Obìnrin tó ń ti ibi ìwẹ̀ bọ̀ ló ń so aṣọ mọ́ àyà, akọ ẹṣin sì ni èyí. Ìbàdí là ń di àmùrè sí, Zachariah. Ibẹ̀ ni agbára wà.”

Àwọn àgbà wo àmùrè ara wọn, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni. Wọ́n ṣe àmín.

“Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́,” ni mo wí, “ikùn ẹṣin rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ọ̀já máa dùn ún.”

“Ìyá Olúfúnmilọ́lá, ẹ̀mí iyèméjì ń bá yín jà.”

Wọ́n dá ààwẹ̀ lé mi lórí. Ebi ni mo fi gbọ́ ìyókù. Wọ́n sún gàárì sẹ́yìn, wọ́n mú ọ̀já gba abẹ́ ikùn níwájú itan ẹ̀yìn, wọn kò sì fà á le. Ẹṣin dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ní ṣé mo rí i báyìí.

Ọjọ́ òmìnira pé. Àsíá tuntun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn àlejò láti Ìbàdàn jókòó sábẹ́ àtíbàbà, Fọlárìn sì ti dé pẹ̀lú aago rẹ̀. Lẹ́bàá pápá, Wòlíì Barnabas fi orúnkún ti ikùn ẹṣin, ó fa ọ̀já bí ẹni ń di àpò kòkó. Etí ẹṣin ká sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

“Bàbá Olúfúnmilọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún.”

Ó ti wà lórí rẹ̀. “Ṣé kí n fẹsẹ̀ rìn wọ òmìnira ni?”

Ẹṣin gbé e dé àárín pápá. Ọkọ mi bọ́ fìlà, ó tẹ̀ síwájú láti kí àwọn èèyàn ńlá, ni ọ̀já bá wọ ẹran. Ẹṣin ju ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, ó tún jù ú. Gàárì yí lọ sábẹ́ ikùn, ọkọ mi sì bá a lọ. Àwọn baba wa ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀; wọn kò ní kó fi imú dé ibẹ̀.

Àwọn ará Ìbàdàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Pẹ̀lú omijé yẹn náà ni wọ́n na ọwọ́ Fọlárìn sókè, wọn kò bi òun náà léèrè omi tàbí ọ̀nà. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́. Wòlíì Barnabas ní àmùrè kò ṣẹ̀, ìgbàgbọ́ ẹṣin ni kò tó, òun náà sì tẹ̀ lé wọn.

Kókósẹ̀ ọkọ mi ti wú, kò lè tẹ̀ ẹ́. Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo tú gàárì, mo gbé e sẹ́yìn èjìká ẹṣin. Ọ̀já súnmọ́ abíyá jù, ẹṣin sì fi pátákò janlẹ̀. Mo sún un sẹ́yìn díẹ̀, mo fún un títí ó fi ku ibi tí ìka lè wọ̀. Ẹṣin mí kanlẹ̀. Mo gbé ọkọ mi gùn ún, mo di ìjánu mú, a gba àárín oko kòkó lọ sílé.

Gàárì kò mira. Ọkọ mi jókòó ṣánṣán, n kò tíì rí i kó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára fìlà rẹ̀, ó dé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí àwọn igi kòkó lọ́tùn-ún lósì. Aago kẹ̀kẹ́ ń dún lọ́ọ̀ọ́kán.

“Olúbísí,” ó pè mí, “ṣé wọ́n lè rí mi láti ọ̀hún?”

“Wọ́n ti rí yín,” ni mo dá a lóhùn.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.