Agbọ́tí Tó Ní Òun Ò Mu

Ní ọdún 1984, nọ́ọ̀sì kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Edith, ó yan díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Fáìfù, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa gba àwọn ẹgbẹ́ wọn níyànjú nípa igbó àti ọtí. Ó ní kí wọ́n má bú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sun tíṣà. Kí wọ́n jókòó ti ọ̀rẹ́ wọn, kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Mi ò mu," láìgbọ̀n.

Edith, ọmọ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì ní Kúdẹtì, mú iṣẹ́ náà ní òkúnkúndùn. Ọ̀jẹ̀wálé, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló kọ́kọ́ kọjú sí. Ọmọ náà mọ ìṣirò bí ẹní jẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ọtí ti fẹ́ bà á jẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti búra pé bó bá tún fi lè mutí wá sí kíláàsì pẹ́nrẹ́n, kò ní í jókòó ìdánwò àṣekágbá.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?" Edith bi í lórí àtẹ̀gùn Màpó.

"Ilé ni. Èmi ni agbọ́tí."

Ní agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ọmọkùnrin tó kéré jù ló ń gbé ọtí fún àwọn àgbà ní ìpàdé ẹbí. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Kékeré ni wọ́n ti fi Ọ̀jẹ̀wálé sí i. Títọ́wò di mímu, mímu di òùngbẹ. Àwọn tó fi ọtí lé e lọ́wọ́ náà ló tún ń nà án pé ó mutí. Ṣé ẹ ò rí ayé bí?

Edith ò fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á jọ rìn gba Ọjà'ba. Edith á ṣe bí ọ̀mùtí, á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gba èyí." Ọ̀jẹ̀wálé á ní, "Mi ò mu." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, ọtí kúrò lẹ́nu ọmọ náà lóòótọ́, ìwé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ orí rẹ̀. Inú Edith dùn débi pé ó ń gbéra ga díẹ̀.

Ó wá ku ìpàdé ẹbí.

"Sọ ọ́ fún wọn bí a ṣe kọ́ ọ," Edith ní. "Màá tẹ̀ lé ọ." Ọmọdé ni Edith náà. Béèyàn ṣe ń kọ̀ fún ọ̀rẹ́ ni nọ́ọ̀sì kọ́ wọn, kò kọ́ wọn béèyàn ṣe ń kọ̀ fún bàbá.

"Ìyàwó wa mà dé!" làwọn àgbà fi pàdé Edith ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó ti ìyá Ọ̀jẹ̀wálé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń jà nílé, ìdajì ẹbí ò bá ìdajì sọ̀rọ̀, ìyá yìí sì wà lára àwọn tí inú ń bí. Ọ̀jẹ̀wálé bu ògógóró sínú ife, ó gbé e síwájú Bàbá Fákáyọ̀dé, olórí ẹbí.

"Tọ́ ọ wò."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò mu."

Bàbá Fákáyọ̀dé ti ife náà sẹ́yìn.

"Kí lo fi sí i?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá."

"Agbọ́tí ní òun ò mu! Ta ló rán ọ? Ìyá ẹ ni?"

Ariwo ta. Ẹnì kan ti fa ìyá náà láṣọ lọ́rùn. Edith fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ní kó má mu. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé—"

"Ìwọ lo ní kó má mu ún? Kí lo mọ̀ nípa ọtí yìí?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó wo orí ọmọ. Bí Edith ṣe ń la ẹnu ni wọ́n ń pa á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Wálé, mu ún," ìyá rẹ̀ ń sunkún. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa mí ni?"

Ọ̀jẹ̀wálé ò wo ìyá rẹ̀. Edith ló ń wò, ó ń retí ohun tó máa sọ. Edith wá gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ, kò rí èyí tó bá ọ̀ràn yìí mu. Ẹ̀rù bà á, àánú ìyá náà sì ṣe é.

"Wálé," ó ní, "mu ún."

Títọ́wò ni wọ́n ní kó tọ́ ọ wò. Ó gbé ife náà, ó mu ún tán pátápátá. Ara tu gbogbo ilé. Wọ́n tú ìyá sílẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá Fákáyọ̀dé rẹ́rìn-ín sí Edith.

"Ìyàwó rere nìyí. Àwa sọ, kò gbọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ, ó gbọ́."

Ọwọ́ Ọ̀jẹ̀wálé ni Edith ń wò. Ó ti tún nawọ́ sí ìgò, ó ń bu òmíràn fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ní kó bù ú.