Ọwọ́ Ló Kù Nínú Ìwo Náà

Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Bí omi bá ń jò nílé ẹni, tàbí tó bá takú tí kò jáde rárá, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, kò sì sí ọ̀gá kankan tó kọ́ ọ. Ṣe ló máa ń tú nǹkan palẹ̀, á wò ó títí á fi yé e, á sì tò ó padà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, ọkọ òun á kọ́kọ́ tú pósí wò kó tó sunkún.

Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tó gbé ìwo wálé. Ilé ẹ̀kọ́ kan tó lọ bá tún ẹ̀rọ omi ṣe ló ń kó àwọn ẹrù tó ti bàjẹ́ dànù, ìwo yìí sì wà láàárín wọn. Ó jẹ́ irú fèrè idẹ tí wọ́n ń pè ní fẹ́rẹ́ǹṣì họ́ọ̀nù, tí páìpù rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìkarahun ìgbín, tí ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà. Ó jọ pé ẹnì kan ti jókòó lé e. Ẹnu náà ti tẹ̀ wọnú, àwọn fáàfù rẹ̀ tí ìka fi ń darí èémí ti gan pinpin, páìpù oníkọ́ tí wọ́n ń fà síta tàbí tì sínú láti fi tún ohùn rẹ̀ ṣe sì ti sọnù pátápátá. Wọ́n ní kó máa gbé e lọ bó bá mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ó mọ̀ ọ́n. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń ta oògùn ní ilé ìtajà kan, ń fun irú ìwo bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin ìlú, àyálò ẹgbẹ́ ló sì ń lò. Àgbàlagbà tó wà lórí àga àkọ́kọ́ láàárín àwọn afunwo fẹ́ fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ pé ọmọ náà ló kàn, ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ẹni tó bá máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwo tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ti ẹgbẹ́ wà fún.

Oṣù márùn-ún ni Páìpù fi tún un ṣe. Ó rì í sínú omi ọlọ́ṣẹ tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ki búrọ́ọ̀ṣì onírù gígùn bọ inú rẹ̀ títí omi tó ń jáde fi mọ́ lóló. Ó fi òòlù onígi na ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí irin rogodo títí gbogbo ibi tó tẹ̀ fi jọ̀lọ̀. Nígbà tó wá ṣí fáàfù àkọ́kọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti rò pé lílọ sókè sódò ló ń lọ bíi ti tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Yíyí ló ń yí, bí kọ́ọ̀kù ẹ̀rọ omi gan-an: ó pa ọ̀nà kan dé, ó ṣí òmíràn. Láti ọjọ́ náà ló ti dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ìwo kò lè ṣòro fún òun. Ó sàmì sí fáàfù kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dá wọn padà sí ilé onílé, ó pààrọ̀ àwọn okùn tín-ín-rín tó so wọ́n mọ́ ibi tí ìka ń tẹ̀, ó sì kán òróró sí wọn lára. Páìpù tó sọnù ńkọ́? Ó rọ iyanrìn kún inú páìpù idẹ kan kí ó má baà wó nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ bí ìkọ́, ó gbọn iyanrìn dànù, ó sì fi ẹsẹ̀ ìkọ́ náà méjèèjì bọ inú ìwo. Ó wọlé ṣinṣin bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó parí rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ kékeré tí ọmọ náà fi ń wọn ohùn síwájú. Abẹ́rẹ́ kan wà lójú ẹ̀rọ náà: bí ohùn bá lọ sílẹ̀ jù, á tẹ̀ sí òsì; bó bá ga jù, á tẹ̀ sí ọ̀tún. Páìpù gbá ìwo mọ́ àyà, ó fun ohùn kan ṣoṣo tó ti kọ́ ara rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Abẹ́rẹ́ dúró gbọnrangandan sí àárín.

Nígbà tí ọmọ náà ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí àyè. Ìfidánrawò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé ìwo, ó sì sáré jáde.

Kò pẹ́ tó fi padà. Ojú rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ kó tó gbé àpótí ìwo sílẹ̀. Ó ní ọ̀gá olórin, ẹni tí wọ́n sọ ní Ẹ-Tún-un-Fun nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró lẹ́ẹ̀mẹta nítorí òun. Ohùn ìwo náà dùn, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀ sí ti gbogbo ènìyàn. Ó ní òun fi agbára ti páìpù tuntun náà wọlé títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ìsàlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, síbẹ̀ kò gòkè tó. Ọkùnrin tó jókòó ti òun, tó ti ra ìwo tuntun, bi òun bóyá omi ni wọ́n ṣe nǹkan ọ̀hún fún tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ẹ-Tún-un-Fun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kàn sọ pé ní agogo mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, òun á tún un gbọ́. Bí ìwo náà bá bá ẹgbẹ́ dọ́gba, kí ọmọ náà jókòó sórí àga. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra tuntun ló ni ín.

Ẹ̀rín yẹn wọ Páìpù lára ju bó ṣe wọ ọmọ rẹ̀ lára lọ. Ó gbé ìwo, ó fun ohùn rẹ̀ kan náà, abẹ́rẹ́ sì tún dúró sí àárín gangan.

"Ṣé o rí i?" ló wí. "Ìwo ò ṣe nǹkan kan. Ẹnu ẹni tó ń fun ún ni ká lọ tún ṣe."

Ọmọ náà wò ó. "Bàbá mi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fun ìwo. Ẹnu mi kọ́."

Ó gba ìwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó fun ohùn kan náà. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ sí òsì. Páìpù gbà á padà, ó fun ún: àárín. Ọmọ tún gbà á: òsì. Báyìí ni wọ́n ń gbà á lọ gbà á bọ̀ bí àwọn tó ń jà sí ilẹ̀, títí ìyá fi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò kúkú fun ún bákan náà," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Òun ń ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnu ẹ̀. Ẹ̀yin gbá a mú bíi korobá. Ara ta lẹ fi wọn aṣọ yìí ná?"

Páìpù gbé ìwo sórí itan, ó fun ohùn rẹ̀, ó sì rọra ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnu gbàgà náà bó ṣe ń fun ún lọ. Abẹ́rẹ́ rọra ṣubú sí òsì. Ó fa ọwọ́ yọ, abẹ́rẹ́ dìde. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, kì í ṣe pé kò tíì gbà, àmọ́ nítorí pé ó dùn mọ́ ọn. Gbogbo oṣù márùn-ún tó fi ń wọn gígùn gbogbo páìpù inú ìwo yìí, kò ka ọwọ́ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ afunwo ló parí páìpù náà.

"Èmi ni mo ṣì í wọn," ó sọ nígbà tó yá. "Má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹnu ẹ. Ẹnu ẹ ò ní àléébù."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló nawọ́ sí ayùn irin, nítorí bí páìpù bá ṣe kúrú sí ni ohùn rẹ̀ ń ga sí. Ọmọ di ayùn náà mú. Ó ní kó má tíì gé e, ìwo ti tutù. Bí ìwo bá tutù, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Bó bá gbóná, á gòkè. Ẹni tó bá gé e ní tútù á gé e jù, idẹ kì í sì í hù padà bí irun. Páìpù wo ọmọ tó bí. Ó ti ń kọ́ ọ ní nǹkan láti kékeré. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí ọmọ náà mọ̀ nípa páìpù tí òun kò mọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti gbé ayùn náà sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọmọ náà tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ó fun ìwo fún ogún ìṣẹ́jú títí idẹ fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń kì í, ó sì ń fun ohùn gígùn kan náà léraléra bí bàbá rẹ̀ ti ń wọn. Páìpù ò ní ìwé tó máa kà nípa ìṣirò yìí, ó wá ọ̀nà tirẹ̀. Ó fa ìkọ́ náà síta ní sẹ̀ǹtímítà kan, abẹ́rẹ́ sún sí òsì ní ìlà méjì lójú ẹ̀rọ. Ìlà mẹ́ta ló sì kù kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín bí ìkọ́ bá wọlé tán. Sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ nìyẹn. Ọmọ ní kó fi ààbọ̀ kún un, nítorí gbọ̀ngàn ibòmíràn máa ń tutù, ó sì yẹ kí òun rí àyè tì í wọlé.

"Méjì pérépéré?" ni bàbá bi í.

"Méjì."

Ó fa ìlà yí ẹsẹ̀ ìkọ́ náà méjèèjì ká. Ó ti fi ayùn gé páìpù tó lè yí àdúgbò ká, síbẹ̀ ó tún ìlà náà wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ó mí kanlẹ̀, ó gé e. Ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń ra irin ra etí rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀rún idẹ má baà lọ há sínú fáàfù, ó fi gírísì pa á, ó sì tì í bọ ilé rẹ̀.

Ọmọ fa ìkọ́ náà síta díẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ìwo, ó sì fun ún. Abẹ́rẹ́ dìde, ó dúró. Ó fun ohùn náà jẹ́jẹ́, ó fun ún kíkan, abẹ́rẹ́ ò yẹsẹ̀. Ìyá dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ ò ṣeé kà tán.

Nígbà tó di Sátidé, Páìpù jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀. Ẹ-Tún-un-Fun ní kí ọmọ náà fun ohùn kan, kó sì dì í mú. Ó wá ń pe àwọn yòókù wọlé níkọ̀ọ̀kan: tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, fèrè, ọkùnrin tó ra ìwo tuntun, títí gbogbo wọn fi wà lórí ohùn yẹn. Páìpù ò mọ orin, ṣùgbọ́n ó mọ bí ojú páìpù méjì tó bá pàdé dáadáa ṣe máa ń rí. Kò gbọ́ àlàfo kankan. Lẹ́yìn èyí, ọ̀gá ní kí àwọn yòókù dákẹ́, kí ọmọ náà máa fun orin tirẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì, ó sì gùn ún lọ sókè títí gíláàsì fèrèsé fi ń gbọ̀n.

Gbogbo wọn ń retí "ẹ tún un fun." Kò wá. Ọ̀gá gba ìwo náà, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó wo ìkọ́ náà fínnífínní bóyá òun á rí orúkọ ẹni tó ṣe é. Ó bi í pé ilé iṣẹ́ wo ni.

"Bàbá mi ni," ni ọmọ náà fèsì, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Iṣẹ́ páìpù ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì gé e mọ́ ọwọ́ mi."

Gbogbo orí yí padà, ti ẹni tó fi ìwo náà ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́bọ̀ sì wà níbẹ̀. Páìpù ò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ó kàn wo àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ-Tún-un-Fun dá ìwo padà, ó nawọ́ sí àga àkọ́kọ́.

"Jókòó," ó ní.

Ó jókòó.

Páìpù kò rí àyè dúró gbọ́ ìyókù. Ìyá àgbà kan ti ń pè é látàárọ̀ pé omi ti fẹ́ gbé ilé ìdáná òun lọ. Bó ti nà gbalaja sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, màmá náà ṣàkíyèsí pé ó ń dá rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè pé kí ló dé. Páìpù ní àbígbẹ̀yìn òun ló gba àga àkọ́kọ́. Màmá ní irú àga wo nìyẹn. Páìpù rọra jáde láti abẹ́ ibẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì fi páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀: ibi tí èémí ń gbà wọlé, ibi tó ti ń yà, ibi tí ọwọ́ ń gbà parí ọ̀rọ̀. Omi ṣì ń jò. Màmá gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń gbọ́.

"Ó dára o," ni màmá wí nígbà tí Páìpù sọ tán. "Ìwọ náà á wá fun ún fún wa lọ́jọ́ kan."

"Rárá, màmá," ni Páìpù fèsì, ó ti ń padà sábẹ́ ibẹ̀. "Ọmọ mi ló ń fun ún. Èmi ni mo ṣe páìpù ẹ̀."