Orin Kan Tó Kù fún Àká Òfìfo

Kò sí ohun tó ń bí Orrin Stahl nínú tó kí wọ́n máa kó orin ẹni jọ nígbà tí ẹni náà ṣì ń mí. Lójú tirẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde bá ti ní àwọn fẹ́ ṣa orin yín tó dùn jù sínú àwo kan ṣoṣo, wọ́n ti gbà pé ẹ ti ṣe tán nìyẹn, ó ku kí wọ́n wá ẹni tí yóò gbàdúrà ìkẹyìn. Ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ fi korò ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ kóra jọ sí ilé ìdáná rẹ̀, ní gúúsù Illinois, láti ṣa àwọn orin náà.

Àká Òfìfo ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń fi jìtá aláriwo kọ orin àwọn àgbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn orin oko ní ariwo wọn pọ̀ jù, àwọn tó fẹ́ràn ariwo ní wọ́n ń rùn bí ilé màlúù. Àwọn tí kò mọ ibi tí àwọn dúró sí láàárín méjèèjì ló wá di olólùfẹ́ wọn, wọn ò sì kéré. Curt Lindell ló ń kọrin. Dewey Pruitt ló ń lu ìlù nígbà tí kò bá sí lórí ẹ̀rọ ìkórè àgbàdo. Orrin ló ń ta jìtá irin, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì: ọwọ́ ọ̀tún á máa ta okùn, ọwọ́ òsì á máa fa irin róbótó kan lórí okùn náà, ẹsẹ̀ á máa tẹ pẹ́dàlì, orúnkún á máa ti ọ̀pá lábẹ́, tí àwọn náà ń yí ohùn okùn padà. Gbogbo ara ni iṣẹ́ náà ń gbà. Jìtá yìí ló ń sunkún nínú orin wọn, tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí wọ́n lè gbọ́ ọ tán.

Ìgbà ìkórè èṣí ni rọpárọsẹ̀ kọ lu Orrin. Ọlọ́run bá a ṣe é, ẹnu rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yarí. Kò lè di ife kọfí mú, ká má tíì sọ irin jìtá. Láti ọjọ́ náà, Orrin kò dé inú gáráàjì tí jìtá rẹ̀ wà mọ́, Nadine ìyàwó rẹ̀ kò sì bá a sọ ọ́.

Wọ́n jẹ páì ápù Nadine, wọ́n sì fi orin jà bí ọmọdé. Dewey ní dandan ni kí wọ́n mú orin ọkọ̀ akẹ́rù tó rì sínú ẹrẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ìlù òun dáadáa. Curt ní kì í ṣe ọkọ̀ ló rì nínú orin yẹn, ìlù Dewey ni. Orrin rẹ́rìn-ín débi pé kọfí dà sí i láyà. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni Curt wá sọ pé ó ku ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ orin tuntun kan lẹ́yìn àwọn àtijọ́, kí ẹni tó ti ní àwọn ti tẹ́lẹ̀ lè rí ìdí tí yóò fi ra àkójọ yìí.

Orrin mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ní kí wọ́n pe ọmọkùnrin kan láti Nashville, ìlú àwọn olórin, tó mọ jìtá irin í ta.

"Ó mọ̀ ọ́n ta lóòótọ́," ni Curt wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe ara wa. Bí o ò bá sí níbẹ̀, kò sí orin tuntun nìyẹn."

"Curt, wo ọwọ́ mi."

"Mo ti wò ó. Ṣáà wá gbọ́ orin náà ná."

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe Orrin, ẹ̀rù ló ń bà á. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi kọ́ bí jìtá yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá wá fi ọwọ́ tó ti yarí ba orin jẹ́, orin bàjẹ́bàjẹ́ náà ni yóò gbẹ̀yìn àkójọ, òun ni etí aráyé yóò sì gbé lọ. Ó sàn kí àwọn tó dára gbẹ̀yìn òun.

Síbẹ̀ ó lọ. Ọ̀sán Sátidé ni, nínú àká ńlá tí Dewey ń gbé ẹ̀rọ ìkórè rẹ̀ sí. Wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti to ẹ̀rọ agbóhùn sílẹ̀, jìtá irin Orrin fúnra rẹ̀ sì dúró láàárín wọn. Inú bí Orrin. Ó béèrè ẹni tó gbé e wá.

"Èmi ni," ni Nadine dá a lóhùn. "Jókòó. Bí kò bá dùn mọ́ ẹ nínú, èmi náà ni màá gbé e padà."

Ó jókòó. Curt bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Orin nípa òjò tó rọ̀ lásìkò ni, kò ní wàhálà nínú. Orrin káwọ́ gbera. Kí ẹsẹ orin àkọ́kọ́ tó parí, ó rí i pé ẹsẹ̀ òun ti ń tẹ pẹ́dàlì, òun kò sì rán an níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ègbè, orúnkún rẹ̀ bá a lọ.

Ìgbà náà ló fura. Ó mọ Curt. Orin Curt kì í jókòó sójú kan, bí ewúrẹ́ ni wọ́n ṣe ń fò sókè sódò, ọwọ́ òsì Orrin ló sì ń sáré lé wọn kiri. Ó dúró de ibi tí èyí yóò ti fò. Kò fò. Gbogbo ibi tí orin náà yà sí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ dè é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó nílò ọwọ́ òsì.

Bẹ́ẹ̀, Curt yìí kan náà ló ń pe pẹ́dàlì ní bíréèkì láti ọjọ́ pípẹ́. Orrin bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Curt wo Dewey, Dewey wo Nadine.

"Ṣé o rí bí Dewey ṣe ń gbé ẹ lọ síbi ìtọ́jú tí wọ́n ti ń na ọwọ́ rẹ, ní gbogbo ìgbà yìnyín?" ni Nadine wí. "Bí ẹ bá ti lọ, Curt á dé. Á jókòó sídìí jìtá rẹ nínú gáráàjì, á ki ọwọ́ òsì bọ àpò ṣòkòtò. Orin tí kò bá ti ṣeé ta bẹ́ẹ̀, á jù ú nù, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìtakutà tó ta pọ̀ débi pé ajá wa ń sá jáde sínú òtútù."

Orrin kọ́kọ́ fẹ́ bínú pé wọ́n ń ṣàánú òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣàánú ènìyàn lásán á gbé ọbẹ̀ wá, á kí i, á bá tirẹ̀ lọ. Kò ní jókòó sínú òtútù kó ki ọwọ́ bọ àpò, kó lè mọ bí ara ṣe rí lára ẹlòmíràn. Omi dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Mo rò pé òkú mi lẹ ń tẹ́," ó ní. "Ẹ ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín."

Curt tẹjú mọ́ jìtá rẹ̀. "Dúpẹ́ tán, kí o ta okùn," ó ní.

Orrin na ọwọ́ ọ̀tún sí Nadine. Obìnrin náà fi èékánná irin tí Orrin fi ń ta okùn wọ̀ ọ́ níka lọ́kọ̀ọ̀kan, Dewey sì ka ení, èjì, kí orin lè bẹ̀rẹ̀. Ohùn jìtá náà kò rí bíi ti àtijọ́. Kò fà mọ́, kò sì sunkún. Ó kàn ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí aláìsàn tó ń ti orí àga dìde fúnra rẹ̀. Orrin ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú ègbè ìkẹyìn, kò sì dá dúró.

Nígbà tí wọ́n parí, Dewey ní ó ti dáa, kí àwọn lọ jẹun. Orrin ní kò tíì tó, kí wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀.